ILÉ LÀ Á WÒ KÍ Á TÓ SỌ ẸGBẸ́ AGBÁBỌ́Ọ̀LÙ LÓRÚKỌ

Láti ọwọ́ aṣojú òṣìṣẹ́ kan ní ẹ̀ka wa

   

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn ní kántíìnì àti ní gáréèjì wa láti bí ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ní àwọn olówó kan àti àwọn iléeṣẹ́ kan fẹ́ dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀ ní agbègbè Ìkẹjà wa níhìn-ín, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ yóò máa fi bọ́ọ̀lù jẹun, tí yóò sì gbìyànjú láti dé inú líìgì àgbà. Inú mi dùn sí i, inú gbogbo wa ni ó sì yẹ kí ó dùn. Wọ́n ti ń gbé ìwé kiri pé kí oníkálukú dábàá orúkọ. Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn yóò bẹ̀ wá kí á fọwọ́ sí i kí wọ́n máa yọ díẹ̀ lára owó oṣù wa, láti fi ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kàn mí. Ibi tí owó òṣìṣẹ́ bá wọ̀, ohùn òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú.

Mo ti rí díẹ̀ nínú àwọn orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé náà. Ọ̀kan jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́. Ìkejì jẹ́ orúkọ olówó kan, wọ́n fi "Babes" tì í lẹ́yìn. Ìkẹta, àwọn ọ̀dọ́ wa ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n ní kí á pè é ní Barcelona Ìkẹjà. Èmi kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní, "Kí ni orúkọ ń bá ṣe nínú bọ́ọ̀lù? Kí wọ́n ṣáà máa gbá góòlù wọlé." Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nílé wa, ọmọ tuntun kì í ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ láìlórúkọ, àgbàlagbà kan kì í sì í fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Ilé là á wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n á wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó bí i, wọ́n á wo ìran tí ó ti wá, wọ́n á wo ohun tí wọ́n ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ọmọ lórúkọ ń sọ fún ayé pé agbo ilé báyìí ni ó ni ọmọ. Bákan náà ni ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Orúkọ ni yóò fi ẹni tí ó ni ín hàn, ẹni tí ó bá sì ni ín ni ó lè pa á rẹ́.

ORÚKỌ ILÉEṢẸ́

Kì í ṣe pé mo kórìíra kí iléeṣẹ́ ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Ní Èkó yìí, àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù múlẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gba Ife Gómìnà ní 1945, Marine ni ó gbà á, àwọn ará iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Railway gbà á lẹ́yìn wọn, ó sì gbà á lọ́pọ̀ ìgbà. ECN, àwọn oníná mànàmáná, gba ife àgbà ní 1960, ọdún òmìnira gan-an. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni àwọn tí ó gbá bọ́ọ̀lù wọ̀nyẹn. Wọn a ṣíwọ́ iṣẹ́, wọn a bọ́ aṣọ iṣẹ́, wọn a wọ jẹ́sì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orúkọ náà. ECN di NEPA ní 1972. NEPA di PHCN ní 2005. Ìjọba pín PHCN sí wẹ́wẹ́, nígbà tí ó sì di 2013, ó ta ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn aládàáni. Bí a bá so ẹgbẹ́ kan mọ́ orúkọ iléeṣẹ́ yẹn, ẹ̀ẹ̀melòó ni à bá ti yí jẹ́sì padà? Ta ni ì bá sì jogún ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ tí wọ́n tà á, ẹni tí ó ra wáyà ni, tàbí ẹni tí ó ra mítà?

Ẹ rántí Leventis United ti Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ náà wọlé bí ìjì. Ó gba Ife Challenge ní 1984. Ní 1985 ó dé àṣekágbá Cup Winners' Cup ilẹ̀ Áfíríkà, ó sì bá Al Ahly ti Íjíbítì wọ̀ ọ́. Ní 1986 ó gba líìgì, ó gba ife mọ́ ọn. Ní 1987 iléeṣẹ́ náà tú u ká. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí ó gba gbogbo nǹkan nílẹ̀ yìí! Ẹni tí ó ń kígbe orúkọ rẹ̀ ní pápá kò ní ibi tí yóò ti bẹ̀bẹ̀. Ṣé o lè lọ bá iléeṣẹ́ pé kí ó má ṣe kó orúkọ ara rẹ̀ lọ sílé?

ORÚKỌ OLÓWÓ

Ti olówó náà kò yàtọ̀. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá fẹ́ràn eré ìdárayá, ó sì náwó sí i, kò sí ẹni tí yóò sẹ́ ẹ. Abiola Babes gba ife ní 1985, ó tún gbà á ní 1987. Lónìí, ẹgbẹ́ náà ti di ìtàn.

Stationery Stores ńkọ́? Ẹni tí ó bá dàgbà ní Èkó mọ̀ pé bí Stores bá ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan, ìlú kì í gbélé. Olóyè Israel Adébàjọ́ ni ó dá a sílẹ̀ ní 1958, orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ tí ó ń ta ìwé àti nǹkan ọ́fíìsì ni ó sì fi sọ ọ́. Àwọn ènìyàn tún ń pè wọ́n ní Adebajo Babes. Bàbá náà kú ní 1969. Ẹgbẹ́ náà gbìyànjú gidi lẹ́yìn rẹ̀: ó gba ife ní 1982 àti 1990, ó dé àṣekágbá Áfíríkà ní 1981, ó gba líìgì ní 1992. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ń pariwo Stores, síbẹ̀ nígbà tí adájọ́ ń béèrè olóhun, kò sí ẹni tí ó pe àwọn wọ̀nyẹn. Èrò pápá pọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ kì í ṣe tiwọn.

ÀWỌN TÍ KÒ KÚ

Ẹnì kan lè dá mi dúró níhìn-ín pé, "Aṣojú, Bendel Insurance ńkọ́? Orúkọ iléeṣẹ́ àti orúkọ ìpínlẹ̀ ni." Òótọ́ ni, ìbéèrè náà sì dára. Ìpínlẹ̀ Bendel kò sí mọ́ láti 1991 tí wọ́n ti pín in sí Ẹdó àti Dẹ́ltà. Síbẹ̀, Bendel Insurance ṣì wà, ó sì gba Ife Federation ní 2023. Kí ni ó fà á? Ará Benin ti gba orúkọ náà lọ́wọ́ ìjọba àti iléeṣẹ́. Wọ́n ti sọ ọ́ di tiwọn débi pé bí ìpínlẹ̀ tilẹ̀ parẹ́, wọn kò jẹ́ kí orúkọ náà bá a lọ.

Shooting Stars ti Ìbàdàn tún fi hàn wá dáadáa. Iléeṣẹ́ ìjọba ni ó ni ín, WNDC ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ó gba Cup Winners' Cup ní 1976, tí ó di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, IICC Shooting Stars ni. Ní 1992 tí wọ́n kọ́kọ́ gba ife CAF Cup, òun náà ni ó gbà á, ṣùgbọ́n IICC ti kúrò níwájú orúkọ rẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún kan ní Bẹẹrẹ tàbí Mókọ́lá pé kí ni IICC. Yóò máa wò yín ni. Ẹ wá pe "Ṣóòtìn!" kí ẹ wo bí ojú rẹ̀ yóò ti mọ́lẹ̀. Orúkọ agbanisíṣẹ́ bọ́ sílẹ̀ bí èèpo, orúkọ tí ará ìlú fẹ́ràn ni ó kù.

Ẹ lọ sí ìlà-oòrùn. Rangers ti Enugu bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ọdún tí ogun abẹ́lé parí, àwọn ènìyàn tí ogun ti fọ́ ilé wọn sì rí ohun kan tí wọ́n lè fi gbé orí sókè. Enyimba ti Aba, orúkọ tí wọ́n ń ki ìlú Aba fúnra rẹ̀ ni, erin àwọn ènìyàn. Ó gba ife àwọn aṣẹ́gun ilẹ̀ Áfíríkà ní 2003, ó tún gbà á ní 2004, gbogbo Nàìjíríà sì ń pe Enyimba láìbéèrè ìtumọ̀. Ní Owerri, Iwuanyanwu Nationale gba líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra láti 1987 dé 1990. Ní 2006, wọ́n yọ orúkọ olóyè náà kúrò, wọ́n sì pè é ní Heartland, orúkọ tí wọ́n fi ń ki ilẹ̀ wọn. Ní tòsí wa níhìn-ín, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì ní 2025. Ẹnì kan ni ó dá a sílẹ̀ tí ó ń náwó sí i, Ọ̀gbẹ́ni Kúnlé Ṣónàmẹ̀, ṣùgbọ́n kò pè é ní Ṣónàmẹ̀ Babes. Orúkọ Rẹ́mọ ni ó gbé wọ̀ ọ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé olówó kò ní náwó bí a kò bá kọ orúkọ rẹ̀ sí iwájú.

Ẹ̀KỌ́ LÁTI Ọ̀DỌ̀ ÒṢÌṢẸ́ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń fi jẹ́sì Arsenal àti Manchester United ṣe aṣọ ọ̀ṣẹ̀, ṣé wọ́n mọ̀ pé òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ni ó bí àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyẹn? Ní 1886, àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń rọ ohun ìjà fún ìjọba ní Woolwich ni wọ́n dá Arsenal sílẹ̀. Àgbá ìbọn tí ó wà lára báàjì wọn, ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe ni. Ní 1913, ẹgbẹ́ náà kó kúrò ní Woolwich lọ sí òdìkejì London. Àgbá náà bá wọn lọ. Ní 1878, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ní Newton Heath ni wọ́n dá èyí tí ó di Manchester United ní 1902 sílẹ̀.

Ti West Ham ni ó wù mí jù. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tí ń kan ọkọ̀ ojú omi, Thames Ironworks, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1895. Orúkọ iléeṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń jẹ́. Ní 1900, wọ́n yí i padà sí orúkọ àdúgbò, West Ham. Ní 1912, iléeṣẹ́ náà kógbá sílé. Bí wọn kò bá yí orúkọ padà, ẹgbẹ́ ì bá máa jẹ́ orúkọ òkú. Ṣùgbọ́n òòlù méjì tí wọ́n fi ń kan irin ṣì wà lára báàjì wọn títí di òní. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ọ o: agbanisíṣẹ́ kú, òòlù kò kú. Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju ìyẹn lọ.

Níbẹ̀ náà, àwọn olówó ti gbìyànjú láti fi agbára yí orúkọ àti àwọ̀ padà. Ní 2012, ẹni tí ó ra Cardiff City bọ́ jẹ́sì búlúù lára wọn, ó wọ̀ wọ́n ní pupa. Àwọn alátìlẹ́yìn kò sinmi títí ó fi dá búlúù padà ní 2015. Ẹni tí ó ni Hull City fẹ́ sọ ọ́ di Hull Tigers. Àwọn alátìlẹ́yìn kọ̀, nígbà tí ó sì di 2014, àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó ra ilé kò ní ẹ̀tọ́ láti yí orúkọ àwọn ọmọ inú ilé padà.

Ní ti Barcelona Ìkẹjà, èmi yóò fi sùúrù bá àwọn ọ̀dọ́ wa sọ̀rọ̀. Barcelona jẹ́ orúkọ ìlú àwọn tí ó ni ín. Ìlú wọn ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ ọ́. Bí a bá fẹ́ fi wọ́n ṣe àwòkọ́ṣe, kí àwa náà wo ìlú tiwa.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ Á BÉÈRÈ FÚN

Kí á tó fọwọ́ sí ohunkóhun, mo dábàá pé kí ẹ̀ka wa gbé àwọn nǹkan wọ̀nyí kalẹ̀:

Èkínní, kí orúkọ ẹgbẹ́ jẹ́ ti ìlú tàbí ti iṣẹ́ ọwọ́ wa. Iléeṣẹ́ tí ó bá mú owó wá, kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sí àyà jẹ́sì. Ọjọ́ tí ó bá lọ, a ó bọ́ jẹ́sì yẹn, a ó rán òmíràn. Ṣùgbọ́n a kì í bọ́ orúkọ bí a ti ń bọ́ aṣọ.

Èkejì, kí orúkọ náà rọrùn láti pè. Kí á fún àwọn kọ́ńdọ́ wa ní orúkọ náà kí wọ́n fi ẹnu wọn dán an wò. Ẹni tí ó ń pe Ọ̀ṣọ́dì, Agége, Ìyànà-Ìpájà láti àárọ̀ dé alẹ́ mọ orúkọ tí ó gba ohùn. Èyí tí kọ́ńdọ́ kò bá lè pè lẹ́ẹ̀kan náà láìmí, èrò pápá kò ní lè pè é.

Ẹ̀kẹta, kí àwọ̀ àti àmì ẹgbẹ́ ti inú ayé wa wá. Àwọ̀ yẹ́lò tí a fi ìlà dúdú là láàárín, kò sí ẹni tí yóò rí i tí kò ní mọ̀ pé Èkó ni. Gbogbo wa ni dánfó ti gbé lọ síbi iṣẹ́ rí. Kí ni a ń wá lọ sí ìlú òyìnbó?

Ẹ̀kẹrin, kí á kọ ọ́ sínú ìwé òfin ẹgbẹ́ pé orúkọ, àwọ̀, àmì àti pápá kò gbọdọ̀ yí padà láìjẹ́ pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dìbò sí i. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó. A ti kọ́ èyí níbi àdéhùn owó oṣù: ohun tí a kò kọ sílẹ̀, máníjà tuntun kì í mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀karùn-ún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó oṣù òṣìṣẹ́ tí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun gbà. Àwọn tí ó bá gbà, kí wọ́n ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì máa ka ìṣirò owó fún wọn lọ́dọọdún.

Ẹ̀kẹfà, agbábọ́ọ̀lù náà òṣìṣẹ́ ni. Kí ó gba ìwé iṣẹ́, kí ó gba owó rẹ̀ lásìkò, kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ó bá ṣèṣe. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ti àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lóṣù mẹ́ta, mẹ́rin láìgba owó. Orúkọ tí ó dùn létí kò wúlò fún ẹni tí ebi ń pa nínú jẹ́sì.

ORÚKỌ TÍ ÈMI DÁBÀÁ

Kí ẹ má baà sọ pé mo kàn ń bu ẹnu àtẹ́ lu tàwọn ẹlòmíràn, èmi náà mú ọ̀kan wá: Àgbẹ̀dẹ Ìkẹjà.

Àgbẹ̀dẹ ni ilé irin. Ibẹ̀ ni àgbẹ̀ ti ń gba ọkọ́, ibẹ̀ ni ọdẹ ti ń gba ọfà. Ẹni tí ó wà nídìí ẹ̀rọ ní iléeṣẹ́ àti ẹni tí ó wà nídìí ọkọ̀ ní títì, irin ni ó pa wá pọ̀. Wọn kì í sì í dá iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ ṣe: ẹnì kan ń fín ewìrì, ẹnì kan ń di irin mú, ẹnì kan ń lu òòlù. Bí ọ̀kan bá ṣe ọ̀lẹ, irin á tutù. Ṣé kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìyẹn?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé mo fẹ́ fi Ògún wọ inú ẹgbẹ́. Rárá o. Nítorí kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ má baà wáyé ni n kò fi dábàá orúkọ òrìṣà kankan. Àgbẹ̀dẹ jẹ́ ibi iṣẹ́, Mùsùlùmí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Onígbàgbọ́ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní èdè Yorùbá ni, pé àwọn ará wa tí wọ́n jẹ́ Ìgbò, Haúsá, Ẹdó àti Ìjọ́ kò ní gbà á. Kí a bi wọ́n léèrè, kí a má ṣe gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Yorùbá ń pe Enyimba, ahọ́n wọn kò sì kán.

Bí ẹ bá ní orúkọ tí ó dára ju tèmi lọ, ẹ mú un wá sí ìpàdé gbogboogbò ẹ̀ka wa tí ó ń bọ̀. N kò ní bínú bí ìbò bá gbé tèmi ṣubú. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí á jókòó sílé kí wọ́n wá ka orúkọ sí wa létí láti orí rédíò, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó lọ́wọ́ wa ní ìparí oṣù. Àwọn tí ó bí ọmọ ni wọ́n ń jókòó níbi ìsọmọlórúkọ. Bí owó wa àti ohùn wa yóò bá bí ẹgbẹ́ yìí, kí wọ́n fún wa ní àga.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa. Ẹ kú ojú lọ́nà ìpàdé.